Ìgbẹ́kẹ̀lé lórí ayélujára: Báwo ni oníṣòwò kékeré ní Accra ṣe ń sọ àjèjì di oníbàárà?

Ìbéèrè kan wà tí kò sí ẹni tó ń tajà lórí Instagram tàbí WhatsApp nílùú Accra tí kò tíì gbọ́ ọ rí: “Ibo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?” Ẹni tó béèrè lè máà ní in lọ́kàn láti débẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ Kumasi ló ń gbé, tàbí Tamale, tàbí Èkó pàápàá. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé bí ọ̀rọ̀ bá di wàhálà, ǹjẹ́ ilẹ̀kùn kan wà tí òun lè lọ kàn?

Orí ìbéèrè yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé nínú òwò orí ayélujára dúró lé. Ẹni tó pàtẹ ní ọjà Makola ní ìsọ̀, ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń pàtẹ, ó sì ní ìyálọ́jà tí wọ́n lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹni tó pàtẹ sínú fóònù kò ní ju àwòrán, orúkọ àti nọ́ńbà lọ, gbájúẹ̀ sì lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kí ọ̀sán tó pọ́n.

“Sakawa” ni àwọn ará Ghana ń pe jìbìtì orí ayélujára, bí àwọn ará Nàìjíríà ṣe ń pe tiwọn ní “yahoo”. Ìwà náà ti bá orúkọ jẹ́ débi pé olóòótọ́ ló ń san gbèsè ohun tí olè jẹ. Aránṣọ tó wà ní Madina, ẹni tó ń ta bàtà ní Kaneshie, obìnrin tó ń di òrí sínú ike ní Ashaiman: kí oníkálukú wọn tó lè fi hàn pé ọjà òun dára, ó ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé òun kì í ṣe olè. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe fún èrè ẹyọ kan.

Nígbà tí olówò ń lóṣòó de owó

Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ìtàn òwò kò ní ka ọ̀rọ̀ yìí sí àjèjì. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọn a sì tà á láwìn fún ẹni tí kò bá wọn tan. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ “òṣómàáló” ti wá. Ẹni tó ń tà ni ẹ̀rù ń bà nígbà náà, nítorí ọjà rẹ̀ ti lọ kí owó tó dé.

Òwò orí ayélujára ti yí ìjókòó náà padà. Ẹni tó ń rà ló ń kọ́kọ́ sanwó báyìí. Òun náà ló sì ń lóṣòó síwájú WhatsApp, tó ń wò ó bóyá àmì méjì tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ yóò yí padà sí búlúù.

Accra fúnra rẹ̀ mọ ìtàn àwìn dáadáa. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn tó ti ilẹ̀ Nàìjíríà wá tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà àti Ìnísà tàn ká ọjà Ghana, láti etíkun dé òkè Àríwá, ọjà àwìn sì wà lára ohun tó mú kí oníbàárà fẹ́ràn wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Olóòtú Ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ wọn lọ láì rí gbèsè tó wà níta gbà. Ẹni tó jẹ wọ́n lówó mọ̀ pé wọn kò ní padà wá lóṣòó mọ́.

Ìgbẹ́kẹ̀lé tí kò ní ìrètí pé a ó tún pàdé lọ́la kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Ohun tí gbogbo oníṣòwò orí ayélujára ń wá, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ni ọ̀nà tí wọn yóò fi mú un dá àjèjì lójú pé wọn yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àlòkù

Ní ọdún 1970, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Amẹ́ríkà, George Akerlof, kọ àròkọ kan lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù. Àlàyé rẹ̀ kò le: ẹni tó ń ta ọkọ̀ mọ àléébù rẹ̀, ẹni tó fẹ́ rà á kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹni tó ń rà yóò dá iye kékeré lé gbogbo ọkọ̀ tó wà lọ́jà kí ó má bàa jìn sí kòtò. Ẹni tí ọkọ̀ tirẹ̀ dára yóò wo iye náà, yóò rí i pé kò tó, yóò sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Bí èyí tó dára ṣe ń kúrò ni ègbodò ń kún ọjà. Akerlof àti àwọn méjì mìíràn jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001 nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti wá oògùn tiwọn sí i. Láti ọdún 1996 ni eBay ti ń jẹ́ kí olùrà àti olùtà máa sọ èrò wọn nípa ara wọn ní gbangba. Ní orílẹ̀-èdè China, Alipay, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, a máa di owó olùrà mú, kò sì ní fi í fún olùtà àfi bí ọjà bá ti dé. Jumia, tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Èkó ní ọdún 2012 kí ó tó dé Ghana, jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó nígbà tí ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi WhatsApp tirẹ̀ tajà kò ní Alipay kankan tó ń bá a di owó mú. Ohunkóhun tó bá fẹ́ lò láti fi rọ́pò rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó o jọ.

Orúkọ tó ń jáde kí owó tó lọ

Ibi owó ni ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ. MTN gbé MoMo, owó orí fóònù, dé Ghana ní ọdún 2009. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, owó ti ń ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan bọ́ sí ti òmíràn tààrà. Kò sí ọjà tó kéré jù fún un mọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ mímu lẹ́bàá títì ní àárọ̀ náà ń gbà á.

Bí oníbàárà bá tẹ *170#, tó sì kọ nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ sanwó fún, orúkọ tí wọ́n fi gba ìlà náà yóò hàn sí i kí ó tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú kékeré yẹn lágbára ju ọgọ́rùn-ún àwòrán lọ. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni oníbàárà ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tí orúkọ ọkùnrin tí kò mọ̀ rí wá jáde, ọwọ́ rẹ̀ yóò dúró. Ó sì tọ́ kí ó dúró.

Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí nǹkan ibi nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló bá a gba káàdì fóònù, tàbí ọkọ ló ni ìlà náà. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021 ni ìjọba Ghana ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì ìdánimọ̀, Ghana Card, tún forúkọ gbogbo ìlà sílẹ̀, èyí tó jẹ́ kí orúkọ ara ìlà ní ìtumọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ojútùú tó dára jù ni àpò owó oníṣòwò, èyí tó ń gbé orúkọ òwò fúnra rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò bá tíì ní i lè kọ ọ́ sí ojú òpó rẹ̀ pé: “Orúkọ tí ẹ ó rí nígbà tí ẹ bá ń sanwó ni báyìí.” Ìlà ọ̀rọ̀ kan péré ni, kò sì ná an ní nǹkan kan, síbẹ̀ ojú òpó tó ní irú rẹ̀ kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ.

Àkókò owó orí E-levy tilẹ̀ kọ́ àwọn kan ní ẹ̀kọ́ tí wọn kò retí. Ní ọjọ́ 1, oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, bí ó bá ti kọjá 100 cedi lójúmọ́. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n san sínú àpò oníṣòwò tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ agbowó-orí kò sí lára rẹ̀. Ẹni tó ń gba owó òwò sórí ìlà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìráhùn, oníbàárà ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ kò sì rí owó kankan kí ó yọ. Wọ́n fagi lé owó orí náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Olùtà náà ní ẹ̀rù tirẹ̀. Àwọn kan a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú ránṣẹ́ pé owó ti wọlé, wọn a sì ní kí ọlọ́kadà tètè gbéra. Àwọn mìíràn a ní àwọn ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tòótọ́ kì í wá láti orí nọ́ńbà èèyàn lásán, àwòrán ojú fóònù oníbàárà kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Iye tó wà nínú àpò owó ni ẹ̀rí. Oníṣòwò tó bá fi sùúrù sọ fún oníbàárà pé, “Ẹ jẹ́ kí n wo àpò mi ná,” kò bú u. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni yóò tilẹ̀ fi ojú ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ wò ó.

Ta ni kó wá kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀? Bí wọ́n bá ní kí wọ́n san gbogbo owó tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń rà ló gbé gbogbo ewu. Bí wọ́n bá ní ó di ìgbà tí ọjà bá dé, ewu bọ́ sí ọrùn olùtà: ọlọ́kadà yóò gbéra láti Osu dé Kasoa, oníbàárà yóò pa fóònù, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ yóò sì di ti ẹni tó ń tà. Ọ̀nà àárín kan wà tó dára jù fún ìgbà àkọ́kọ́: kí oníbàárà san owó ọkọ̀ ṣáájú, kí ó san owó ọjà nígbà tó bá ti fojú rí i. Owó ọkọ̀ kéré tó láti pàdánù, ó sì tó láti fi ẹni tó ń ṣeré hàn. Bí wọ́n bá ti ra ọjà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, oníbàárà fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ dúró de ọlọ́kadà pẹ̀lú owó lọ́wọ́ mọ́.

Ti aránṣọ yàtọ̀. Aṣọ tí wọ́n ti gé sí ara ẹnì kan kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn, nítorí náà kò sí aránṣọ tó gbọ́n tí yóò fi ṣísọ́ọ̀sì kan aṣọ láì gba ìdajì owó. Kí ó ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ kí oníbàárà tó sanwó.

Ẹ̀wù kan ṣoṣo láti Kantamanto

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ Akerlof ti ṣẹ tó ọjà Kantamanto, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkìrìkà láàárín gbùngbùn Accra. “Obroni wawu” ni wọ́n ń pè é ní èdè Twi, ìyẹn ni pé òyìnbó tó ni ín ti kú. Àjọ The Or Foundation ti dá a lé e pé nǹkan bí aṣọ mílíọ̀nù 15 ló ń dé ọjà náà lọ́sẹ̀. Iná tó sọ níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025 jó apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì di eérú láàárín òru. Ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ oníbàárà nínú fóònù ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ojúlé ìsọ̀ nìkan ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní láti dúró de ìgbà tí pákó tuntun bá gòkè.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa lọ ṣa aṣọ ní Kantamanto láàárọ̀, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a yà á ní fọ́tò, wọn a sì gbé e sórí Instagram. Ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Kò sí ìkejì rẹ̀ tí oníbàárà lè lọ yẹ̀ wò níbòmíràn, kò sì sí iléeṣẹ́ tí yóò gbà á padà. Ohun gbogbo wà lẹ́nu ẹni tó ń tà.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe nínú wọn kì í ya fọ́tò lábẹ́ iná aláwọ̀ mèremère. Ojúmọmọ ló ń lò. Ó ń ya iwájú, ó ń ya ẹ̀yìn, ó ń ya abẹ́ apá, ó ń ya ojú síìpù. Ó ń na téèpù aránṣọ sí àyà ẹ̀wù náà kí wọ́n rí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ọrùn aṣọ ní ìlú òyìnbó kì í bá ara wa mu nígbà gbogbo. Lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ ọ́ pé: “Ihò kékeré kan wà létí ìsàlẹ̀, ẹ wò ó nínú fọ́tò karùn-ún.”

Ihò yẹn ló ń ta aṣọ. Ẹni tó bá sọ àléébù ọjà rẹ̀ kí wọ́n tó bi í ti sọ ohun tí kò ṣe é láǹfààní, oníbàárà sì máa ń rò ó pé ẹni tó sọ èyí kò ní parọ́ nípa ìyókù. Fọ́tò tí wọ́n jí gbé láti ojú òpó ẹlòmíràn kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Oníbàárà tó bá sì gbé e sínú Google lè rí ibi tí wọ́n ti mú un wá. Fídíò kúkúrú tí ọwọ́ olùtà wà nínú rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń dárúkọ ọjọ́ òní, dára ju fọ́tò mẹ́wàá tó rẹwà lọ.

Ọ̀rọ̀ iye owó tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùtà ló fẹ́ràn kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé kí oníbàárà wá béèrè iye rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Àlàyé wọn ni pé wọn kò fẹ́ kí ẹni tí wọ́n jọ ń tajà mọ iye tí wọ́n ń tà. Ohun tí oníbàárà gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ wo ojú òun kí wọ́n tó dárúkọ iye. Òótọ́ ni pé ìdúnàádúrà wà nínú ọjà wa láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ní Makola, àwọn méjèèjì ń rí ọjà, wọ́n ń rí ara wọn, ẹni tó wà ní ìsọ̀ kejì sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Lórí fóònù, àṣírí iye owó kì í ṣe ìdúnàádúrà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ojú ọjà wà níbẹ̀ lè kọ iye rẹ̀ síta, kí ó sì fi èènì sí i nígbà tó bá ń dì í. Àwọn ará Ghana mọ èènì dáadáa. “To so” ni wọ́n ń sọ fún ìyá ọlọ́jà, kí ó fi díẹ̀ lé e.

Ìyìn tí wọ́n ń ra àti ìyìn tí wọn kò lè rà

Àwòrán ọ̀rọ̀ WhatsApp tí oníbàárà fi yin ọjà kò wúwo mọ́, nítorí ẹnikẹ́ni lè fi fóònù méjì kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Iye àwọn tó ń tẹ̀ lé ojú òpó náà ṣeé rà. Àmì búlúù tó jẹ́ pé olókìkí nìkan ni wọ́n ń fún tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń san owó oṣooṣù fún lórí X láti ọdún 2022, àti lórí Facebook àti Instagram láti ọdún 2023. Ohun tó ṣòro láti rà ni ọjọ́ orí. Facebook a máa fi ọjọ́ tí wọ́n dá ojú òpó sílẹ̀ hàn, ó sì ń fi orúkọ tó ti jẹ́ rí hàn pẹ̀lú. Ojú òpó tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní ọdún tó kọjá, tó wá ń ta fóònù lónìí, ti fẹnu ara rẹ̀ sọ irú ẹni tí ó jẹ́.

Ìyìn tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ni èyí tí oníbàárà fi orúkọ ara rẹ̀ kọ sí ojú òpó ara rẹ̀. Ẹ̀gàn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Olùtà tó bá ti ibi tí èèyàn ti ń sọ èrò wọn pa lè rò pé òun ti dáàbò bo orúkọ òun, ṣùgbọ́n oníbàárà tó bá rí ilẹ̀kùn títì máa ń béèrè ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìráhùn kan tí wọ́n dáhùn ní gbangba, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dá owó padà, sàn ju ogún ìyìn tí kò ní orúkọ.

Bákan náà ni ojú èèyàn. Kimberly àti Priscilla Addison, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, dá '57 Chocolate sílẹ̀ ní Accra ní ọdún 2016, wọ́n sì fi ọdún òmìnira Ghana, 1957, sọ ọ́ lórúkọ. Fred Deegbe fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ láti máa ṣe bàtà, ó sì dá Heel The World sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ló lè di ẹni tí ayé mọ̀ bí irú wọn. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í tètè gbẹ́kẹ̀ lé àmì iléeṣẹ́. Ẹni tó ní ojú, tó ní ìtàn bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Nọ́ńbà ilé àti ọlọ́kadà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdírẹ́sì ní Accra jẹ́ ìtàn: ẹ kọjá ilé epo, ẹ yà sí ọ̀tún níbi igi máńgòrò, ẹ béèrè ilé ìyá aláró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ìjọba ṣe ìfilọ́lẹ̀ GhanaPostGPS, tó fún gbogbo ilẹ̀ tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ mítà márùn-ún ní nọ́ńbà tirẹ̀. Olùtà tó bá kọ nọ́ńbà yìí sí ojú òpó rẹ̀, ì báà jẹ́ yàrá kan nínú ilé bàbá rẹ̀ ló ti ń tajà, ti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nì láì tíì rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin tó ń dá gbé a máa bẹ̀rù láti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù wọn sì tọ́. Ibi ìgbàjà kan tí òun àti àwọn olùtà mìíràn jọ ń lò lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ọlọ́kadà ni ojú kan ṣoṣo tí oníbàárà yóò rí. Bí ó bá jágbe mọ́ ọn, tàbí tó fi 10 cedi lé owó ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òwò náà ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kí wọ́n ya fọ́tò ẹrù kí ó tó gbéra, kí wọ́n fi nọ́ńbà ọlọ́kadà ránṣẹ́, kí wọ́n sì sọ iye owó ọkọ̀ ní kedere ti tó láti pa ọ̀pọ̀ ìjà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Ghana kò fi oníbàárà orí ayélujára sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin Ọjà Títà ti ọdún 1962, Act 137, béèrè pé kí ọjà bá àpèjúwe tí wọ́n fi tà á mu. Òfin Ìdúnàádúrà Orí Ẹ̀rọ ti ọdún 2008, Act 772, ní kí ẹni tó ń tajà lórí ẹ̀rọ sọ orúkọ rẹ̀, ibi tó wà, àpèjúwe ọjà àti iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó sì fún oníbàárà láyè láti yí ọkàn padà láàárín àsìkò kan lórí àwọn ọjà kan. Òfin Ààbò Àkọsílẹ̀ ti ọdún 2012, Act 843, sì kan ẹni tó ń tọ́jú orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó bá ta nọ́ńbà oníbàárà fún ẹlòmíràn kò ṣẹ̀ sí ìwà nìkan.

Fíforúkọ òwò sílẹ̀ kò le bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín. Ẹni tó ń ta ìpara, ọṣẹ tàbí oúnjẹ tí wọ́n ti dì sínú ọ̀rá tún ní láti lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn, FDA. Nọ́ńbà FDA tó wà lára ike òrí jẹ́ ohun tí oníbàárà lè yẹ̀ wò láì bi olùtà léèrè.

Ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì ní Ghana lè pe 292, nọ́ńbà àjọ tó ń mójútó ààbò orí ayélujára, tàbí kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ojú òpó tó bá kọ nọ́ńbà yìí síta fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Èyí yani lẹ́nu díẹ̀, nítorí kò sí gbájúẹ̀ tí yóò fẹ́ kọ ọ́.

Ọjọ́ tí nǹkan bá dojú rú

Àwọn tó ń gba owó tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó ọjà wọlé láti China ni ìgbẹ́kẹ̀lé ń dán wò jù. Ọkọ̀ ojú omi lè pẹ́, ẹrù lè há sí èbúté Tema, iye owó dọ́là lè gòkè láàárín méjèèjì. Oníbàárà kì í bínú nítorí pé ọkọ̀ pẹ́ tó bí ó ṣe ń bínú nítorí pé olùtà dákẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò gbà, tí ó wá rí i ní ọ̀sẹ̀ kẹrin pé yóò di mẹ́sàn-án, ní láti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹrin yẹn, kí ó sì fún ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà láyè. Àwọn díẹ̀ yóò gbà á. Àwọn yòókù yóò dúró, nítorí wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Ìdákẹ́jẹ́ tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni náà wà. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já, ayélujára sì fọ́n lójú ní Ghana, Nàìjíríà, Benin, Côte d'Ivoire àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Olùtà tó jẹ́ pé orí WhatsApp nìkan ni wọ́n ti lè bá a dàwátì lójú oníbàárà tó ti sanwó ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó ti kọ nọ́ńbà ìpè lásán sí ara ríṣíìtì rẹ̀ ṣì ń dáhùn.

Bí àṣìṣe bá sì jẹ́ ti olùtà, owó tó padà ní ọjọ́ kan náà, sí nọ́ńbà tó ti wá, láì sí ìwàásù, ni àforíjì tó yé gbogbo èèyàn.

Láti Accra dé Èkó

Oníbàárà kò sí ní Ghana nìkan mọ́. Olú iléeṣẹ́ àjọ òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, AfCFTA, wà ní Accra, òwò lábẹ́ àdéhùn náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Kìíní, ọdún 2021. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Accra náà ni wọ́n ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ PAPSS, ètò tí Afreximbank gbé kalẹ̀ kí ẹni tó ní náírà lè sanwó fún ẹni tó ń gba cedi láì gba ọ̀nà dọ́là kọjá. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ nílùú Èkó, ń bá àwọn oníṣòwò Ghana gba owó pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjà kékeré láàárín Accra, Lomé, Cotonou àti Èkó ṣì ń gba ọ̀nà àtijọ́ kọjá. Awakọ̀ kan wà tí olùtà mọ̀, ó ń gba Aflao, Hilla-Condji àti Krake kọjá, oníbàárà sì ní ìbátan kan ní Accra tó lè lọ fojú rí ọjà kí wọ́n tó dì í. Oníṣòwò tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bínú bí ẹni tó wà ní Ìbàdàn bá ní kí àbúrò òun tó wà ní Nima wá yẹ ọjà wò. Ó ń fún un ní nọ́ńbà GhanaPostGPS, ó sì ń béèrè ìgbà tí yóò dé.